Owó fàdákà tó ti dúdú: ṣé ká fọ̀ ọ́ ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ìlú Oǹdó ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá ìyá àgbà wa mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, a rí agolo mílíìkì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó àtijọ́ mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀: ṣílè, sísì, tọ́rọ́. Inú náílọ́nù ni wọ́n wà, wọ́n sì fi rọ́bà dè wọ́n ní ìdì ìdì. Màmá mi ní bàbá ìyá àgbà, tó ń ta kòkó, ló fi wọ́n sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn kan ní nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ti dá ihò lu mẹ́ta nínú wọn. Àbúrò mi ọkùnrin ti ra ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ ìfọyín sílẹ̀, ó ní ká fọ̀ wọ́n kí wọ́n tàn kóun tó gbé wọn lọ fún ẹni tó máa rà wọ́n ní Àkúrẹ́. Mo ní kó dúró ná. Ṣé ká fọ̀ wọ́n? Báwo la ó ṣe fọ̀ wọ́n?

Ìdáhùn

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá àgbà sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sì ṣeun tí ẹ dá àbúrò yín dúró. Ẹ bá mi gba ọsàn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má fọ dúdú yẹn kúrò. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, òun ló yẹ ká tètè wá nǹkan ṣe sí. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n lu, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, màá dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà ni mò ń ṣe nítòsí Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ojoojúmọ́ ni mò ń mú kí fàdákà dán, owó rẹ̀ ni mò ń jẹ. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gbé owó àtijọ́ wá pé kí n bá òun nu ún, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ni kó jọ̀ọ́ gbé e padà sílé. Dídán tó yẹ ẹ̀gbà ọrùn kò yẹ owó.

Dúdú tí ẹ ń rí kì í ṣe ìdọ̀tí tó bà lé fàdákà bí eruku ṣe ń bà lé tábìlì. Fàdákà fúnra rẹ̀ ni. Imí ọjọ́, èyí tí Bíbélì máa ń dárúkọ pẹ̀lú iná, wà yí wa ká níwọ̀n díẹ̀ díẹ̀. Ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, nínú ẹyin, nínú àlùbọ́sà, nínú aṣọ onírun àgùntàn. Ó wà nínú rọ́bà pàápàá, torí òun ni wọ́n fi ń mú kí rọ́bà le kó sì máa nà. Bí òórùn rẹ̀ bá ti kan fàdákà, àwọn méjèèjì á so pọ̀, wọ́n á di ohun mìíràn tó dúdú. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ tutù rinrin bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, ó máa ń yára ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bó dúdú yẹn dànù, ara fàdákà ló bó dànù.

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tí rọ́bà dè, kí ẹ dì í mú ní etí, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlà kan tó dúdú ju ibi yòókù lọ, tó gba orí ọba kọjá láti etí kan dé èkejì. Ojú ibi tí rọ́bà ti fara kàn án nìyẹn. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo rọ́bà yẹn kúrò lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ẹ má fà á tu.

Mo ti ṣe ohun tí àbúrò yín fẹ́ ṣe yìí rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi nígbà náà, nígbà tí ìyá kan gbé owó ṣílè méjì kan wá, ti ọdún 1913. Ó dúdú, àmọ́ igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ débi pé ẹ lè ka imọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n bá òun mú kó dán. Mo gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ ìdán, ó sì dán bíi dígí. Inú ìyá náà dùn, inú tèmi náà dùn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń ra owó àtijọ́. Onítọ̀hún fi awò wò ó, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, iye fàdákà inú rẹ̀ nìkan ló sì dá. Ìyá yìí padà wá bá mi. Kò bínú, ó kàn bi mí pé kí ni mo ṣe sí i. Mo fi awò sójú èmi náà, mo wá rí i: àwọn ìlà tín-ín-rín bí irun, àìmọye, gbogbo wọn dorí kọ ọ̀nà kan náà, imọ̀ ọ̀pẹ tí mo lè kà tẹ́lẹ̀ sì ti wọnú ara wọn. Mi ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tẹ owó, agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé fàdákà á ṣàn díẹ̀ láti àárín lọ sí etí, á sì fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ìlà yìí ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa yí kiri lójú owó bí ẹ bá ń yí i lọ́wọ́. Ohun tí àwọn tó ń ra owó àtijọ́ ń wá nìyẹn, pẹ̀lú àwọ̀ tí ọdún gígùn fún un. Wọ́n fẹ́ràn awọ ara tí owó náà fi dàgbà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ bíi PCGS àti NGC tó ń yẹ owó wò á kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọn ò sì ní fún un ní máàkì tó yẹ kó gbà.

Nípa ọsàn wẹ́wẹ́: ṣílè fàdákà ayé ìgbà náà kì í ṣe fàdákà pátápátá. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín, 92.5 ni fàdákà, 7.5 ni bàbà. Bàbà yẹn ni kíkan ọsàn máa ń jẹ, á sì fi ojú owó sílẹ̀ ní fífunfun ṣáá, tí kò ní ẹ̀mí. Ọṣẹ ìfọyín ní ìyẹ̀fun tó ń ha nǹkan. Eyín wa ni wọ́n ṣe é fún, eyín sì le ju fàdákà lọ fíìfíì. Eérú àti kànìnkànìn irin, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Omi ìfọ̀ fàdákà tí wọ́n ń tà nínú ìgò náà, ìṣẹ́jú kan ló máa ń mú dúdú lọ, ó sì ń mú nínú ara owó lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ fàdákà, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó funfun ni fàdákà. Ọdún tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ wò. Kí ó tó di 1912 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, owó ìlú ọba gan-an là ń ná níbí. Bí ẹ bá rí orí Ọbabìnrin Victoria tàbí ti Ọba Edward lára ṣílè tàbí sísì, fàdákà gidi ni. Láti 1913 ni ti àjọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, orí Ọba George ló wà lójú rẹ̀, BRITISH WEST AFRICA ni wọ́n kọ sí i, igi ọ̀pẹ sì wà lẹ́yìn ṣílè àti ṣílè méjì. Fàdákà ni wọ́n fi ń rọ ọ́, títí di 1920 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́ torí fàdákà ti wọ́n gógó lẹ́yìn ogun. Èyí tí ẹ bá rí 1920 lára rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wò ó níbi tó ti jẹ: bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ dúdú yẹn, idẹ ni. Bí ẹ bá rí lẹ́tà H kékeré lára rẹ̀, Birmingham ni wọ́n ti rọ ọ́. Ṣílè Nàìjíríà ti 1959, tí orí Ọbabìnrin Elizabeth wà lára rẹ̀, funfun dáadáa, àmọ́ kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀; bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni.

Ṣílè fàdákà kan wọn gíráàmù 5.65. Bí ẹ bá yọ bàbà kúrò, nǹkan bíi gíráàmù 5.2 ni fàdákà tó kù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ yín bí ẹni ń wọn irin àlòkù. Iye fàdákà ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Owó tó mọ́, tí ọwọ́ kò kàn, máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó kan nǹkan aláwọ̀ ewé. Oríṣi méjì ni. Èyí tó rọ̀, tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, náílọ́nù ló fà á. Àwọn náílọ́nù rírọ̀ kan wà tí ohun tó wà nínú wọn máa ń tú jáde bó bá pẹ́, á sì máa jẹ bàbà inú owó. Ìyẹn kò ṣeé fi sílẹ̀, torí bó bá ti wà níbẹ̀ ló ń jẹun. Acetone ni kí ẹ rà, ojúlówó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún yàrá sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ á mọ ibi tí wọ́n wà. Kì í ṣe omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná o, òróró àti lọ́fínńdà wà nínú ìyẹn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná, sìgá tàbí sítóòfù má sí nítòsí, torí ó ń yára gbiná. Ife onígíláàsì ni kí ẹ lò, ó lè yọ́ ike. Ẹ gbé owó sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ rọra mì í. Bí nǹkan náà bá ṣì kù, ẹ da omi yẹn nù, ẹ da tuntun. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ẹ mú un jáde ní etí, kó gbẹ fúnra rẹ̀, kò ní pé ìṣẹ́jú kan. Acetone kì í kan fàdákà, kì í sì kan dúdú yẹn. Ọ̀rá àti gọ́ọ̀mù nìkan ló ń kó lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé e.

Oríṣi kejì le, ó dà bí èépá. Bàbà tó ti jáde sójú ni. Ẹ ra liquid paraffin ní ilé olóògùn, ẹ rẹ owó náà sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ wá fi ṣóńṣó igi ìtayín tí ẹ ti rẹ rọ̀ fọwọ́ kan èépá náà. Bó bá tú, ó dára. Ẹ fi acetone ṣan òróró yẹn kúrò. Bí kò bá tú, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi abẹ́rẹ́ tú u, tó sì fi ọ̀gbun sí ọba lẹ́rẹ̀kẹ́.

Fún èyí tó jẹ́ pé eruku tàbí erùpẹ̀ lásán ló wà lára rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ kán ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ sí, ẹ ṣàn án, kí ẹ wá fi omi tí kò ní iyọ̀ kankan ṣàn án kẹ́yìn. Omi kànga ẹ̀rọ wa níbí máa ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́, èyí tó wà nínú ike kékeré ní ilé olóògùn, mọ́ dáadáa fún un. Omi bátìrì náà mọ́, àmọ́ ẹ ṣọ́ra kí ẹni tó ń tà á má lọ fún yín ní ásíìdì. Aṣọ òwú funfun ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má nù ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má dá wọn padà sínú agolo. Ike líle kékeré, tí kò rọ̀, tí kò sì ní òórùn ike tuntun, ni kí ẹ kó wọn sí, kí ọ̀kan má fara kan èkejì. Àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, tó ń fa omi, ẹ ju méjì sínú rẹ̀. Ẹ má gbé e sí ìdí kíṣìnì, ẹ má fi ìwé ìròyìn wé e. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi han ẹnì kan, etí nìkan ni kó dì mú. Òógùn ọwọ́ ní iyọ̀, àmì ìka á sì wà níbẹ̀ títí ayé.

Bí ẹ bá fẹ́ tà, ẹ ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn wọn nínú oòrùn àárọ̀, bí wọ́n ṣe dúdú yẹn. Kí ẹni méjì ó kéré tán wò ó kí ẹ tó gba iye kankan.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n lu wá kù. Ihò yẹn ti yọ wọ́n kúrò nínú ohun tí àwọn tó ń ra owó àtijọ́ ń wá, àmọ́ ẹnì kan nínú ìdílé yín ló lu wọ́n kó lè fi wọ́n sọ́rùn. Ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ẹ lè mú kí wọ́n dán láìfòyà. Ẹ tẹ́ fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja sínú abọ́, kí ojú rẹ̀ tó ń dán wà lókè. Ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ẹ bu ṣíbí baking soda kan sí i, kí ẹ gbé owó náà lé orí fọ́ìlì yẹn gan-an, kó kàn án. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ á gba ibẹ̀ kan. Imí ọjọ́ ló ń fi fàdákà sílẹ̀, tó ń ṣí lọ sára fọ́ìlì yẹn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti funfun. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi aṣọ òwú nù ún dáadáa, kí ẹ wá wá okùn tó dára sí i. Bí ihò náà bá mú ju bó ṣe yẹ lọ, tó lè máa gé okùn, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, màá bá yín yọ́ etí rẹ̀, mi ò ní gbowó.