Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ìbálòpọ̀ ti di bárakú fún ènìyàn, kí ló sì ń fà á?

Ìbálòpọ̀ ti di bárakú fún ẹni tí kò bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́ fún nǹkan bí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì dẹ́kun bí ó tilẹ̀ ń ba iṣẹ́, ìlera tàbí ilé rẹ̀ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àìsàn nínú ICD-11, ìwé tí ó to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022. Iye ìgbà kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo oníṣòwò kan ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án gangan nítorí fídíò oníhòòhò, tí ó ti pinnu láìmọye ìgbà láti jáwọ́ ṣùgbọ́n tí kò rí i ṣe, tí kò tilẹ̀ gbádùn rẹ̀ mọ́: àmì rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kí ẹ̀rí ọkàn máa dáni lẹ́bi nítorí ẹ̀sìn nìkan kò tó láti pè é ní àìsàn.

Kò ní orísun kan ṣoṣo. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àníyàn àti ìfìyàjẹni nígbà èwe máa ń bá a rìn. Àwọn oògùn kan, bíi pramipexole, tí a ń lò fún àrùn Parkinson (àrùn ọpọlọ tí ó máa ń mú ara gbọ̀n), náà lè fà á. Ẹni tí ó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá lílò rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ kí ó tó rí dókítà.