Ẹ bèèrè ohun tó para pọ̀ di 27 kí ẹ tó yáwó wáyà

Ìyá Tóbi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní àwọn olùwádìí tó wá wọn eyín àwọn ọmọ ní ilé ìwé Tóbi fún un ní máàkì 27 lórí DAI (Dental Aesthetic Index), ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí eyín ṣe tò sí, pé eyín rẹ̀ kò tò bó ṣe yẹ. Ẹ ní ọmọ ọdún 13 ti wá ń fọwọ́ bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín, ẹ sì fẹ́ yáwó kí wọ́n fi wáyà tó ń to eyín sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Èmi náà ti jókòó sórí àga yẹn nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 24. Tèmi tilẹ̀ ju ti Tóbi lọ, 29 ni. Wọ́n ní mo nílò ìtọ́jú, mo gbà, mo sanwó. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí àbúrò ọkọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà eyín tó tú ìṣirò náà palẹ̀ fún mi lórí bébà. 13 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ìbáà jẹ́ ẹni tí eyín rẹ̀ tò bí ọmọ àgbàdo. Èjí mi fẹ̀ tó mìlímítà 3, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 9 nìyẹn. Eyín òkè mi fi mìlímítà 3 yọ síwájú ti ìsàlẹ̀, ìlọ́po méjì, 6. Wọ́n tún fi 1 lé e torí pé àlàfo wà láàárín eyín iwájú. Ẹ ro ó pọ̀, 29. Ẹ wá yọ 9 ti èjí àti 1 ti àlàfo kúrò, ó ku 19, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá kọjá 25 kò lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ wọn. Èjí tí ìyá mi àgbà fi ń kì mí láàárọ̀, òun ló sọ mí di ẹni tó ń wá ìtọ́jú!

Mi ò ní kí ẹ da ìwọ̀n náà nù. Ó wúlò láti mọ iye ọmọ tó nílò ìtọ́jú ní ìlú kan. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1986, ojú àwọn ará ọ̀hún tó wo àwòrán eyín, tí wọ́n sọ èyí tó dára lójú wọn, ni wọ́n fi pín máàkì. Ojú tiwa kọ́. Àní nínú ìlànà wọn, láti 26 dé 30, bó bá wu èèyàn ló máa tọ́jú ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ló kàn. Oṣù 16 ni mo fi lo wáyà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u, ahọ́n mi ń wá ibi tó máa ń sinmi sí, kò rí i mọ́. Wọ́n fún mi ní retainer, ike tí mo máa ń fi sẹ́nu sùn, ẹnikẹ́ni ò sì sọ iye ọdún tí mo máa lò ó. Mo fi tíṣù wé e níbi ìnáwó kan, àwọn tó ń palẹ̀ abọ́ mọ́ kó o dànù. Mi ò ṣe òmíràn. Kí ọdún tó yípo, etí káàdì ATM ti ń wọ àárín eyín mi. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Washington tẹ̀lé àwọn tí wọ́n ti tọ́jú fún ọdún 10 lẹ́yìn tí wọ́n pa retainer tì. Ní 1981 wọ́n kọ̀wé pé àwọn tí eyín iwájú ìsàlẹ̀ wọn ṣì tò dáadáa kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Bó bá jẹ́ èjí ni Tóbi náà ní, tí ẹ sì fẹ́ dí i, ẹ ka owó retainer mọ́ owó wáyà, kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹ tún gbé ètè òkè rẹ̀ sókè níwájú dígí, kí ẹ fà á díẹ̀. Bí ẹran tó wà láàárín eyín iwájú méjèèjì bá funfun, okùn ẹran tó so ètè mọ́ èrìgì ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, ó sì lè fa èjí padà. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé eyín òkè tó yọ síwájú ló kó 27 náà jọ, tó kọjá mìlímítà 6, ẹ má fi falẹ̀ o. Irú eyín bẹ́ẹ̀ ló máa ń kán tí ọmọ bá ṣubú. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n náà sí lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà inú rẹ̀ síbí, a óò jọ ṣírò ó.