Ọjọ́ Kan Péré ní Sikọ́tilándì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, èmi àti bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà, yóò ní ọjọ́ kan péré láti fi rìn kiri ní Sikọ́tilándì. Ilé olódi àwọn ọba àtijọ́ ni èmi fẹ́ rí, iṣẹ́ irin àti ẹ̀rọ ni bàbá mi ń béèrè. Edinburgh ni a máa sùn. Ibo ni kí a lọ?

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá ti jáde ní òwúrọ̀, ẹ kọjú sí Stirling tààrà, kí ẹ yà ní Falkirk nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ sì fi South Queensferry parí ìrìn náà. Ilé olódi Edinburgh lókìkí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kún un, ìkánjú ni ẹ ó fi wo gbogbo rẹ̀.

Orí àpáta ni ilé olódi Stirling wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Mary ládé ọbabìnrin Sikọ́tilándì ní ọdún 1543, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan, ààfin tí bàbá rẹ̀, James Karùn-ún, kọ́ sì ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga lọ sókè, òkúta ni wọ́n sì fi tẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí Bàbá rọra máa rìn.

Falkirk ni mo fẹ́ kí ẹ ti pẹ́ jù. Ọdún 2002 ni wọ́n ṣí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀, tí ń gbé ọkọ̀ ojú omi sókè ní mítà 24, kí ó lè ti inú odò àgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Láyé àtijọ́, ìdènà omi onílẹ̀kùn 11 ni ọkọ̀ ń là kọjá níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Òfin Archimedes ni iṣẹ́ àgbá náà dúró lé: bí ọkọ̀ bá wọ inú ọpọ́n omi tó wà ní apá kan àgbá náà, omi tí ìwúwo rẹ̀ bá ti ọkọ̀ náà dọ́gba ni yóò tì jáde, apá kan kò sì ní wúwo ju èkejì lọ. Ìdí nìyí tí agbára iná tí ń yí i kò fi ju nǹkan bíi kílówáàtì 22.5 lọ. Ẹ jẹ́ kí Bàbá fúnra wọn ṣàlàyé èyí fún yín níbẹ̀. Inú wọn yóò dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Afárá Forth ní South Queensferry ni kí ẹ lọ wò, afárá rélùwéè tí John Fowler àti Benjamin Baker yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1890, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2.5. Bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó yẹn kì í ṣe àṣejù: ìjì ti wó afárá Tay lulẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1879, wọ́n sì pa àwòrán tí ẹni tó kọ́ ọ ti yà fún Forth tì. Ẹ dúró sí etí omi títí ọkọ̀ ojú irin yóò fi kọjá lókè, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ojú máa ń mọ bí afárá náà ṣe tóbi tó.