Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé ẹ̀sìn gbà kí n fi ìwà mi polówó ọjà lórí ayélujára?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àáfà wa. Ìbàdàn ni mo ń gbé, jàlàbíyà àti ìbòrí obìnrin ni mo ń tà lórí WhatsApp àti Instagram. Obìnrin kan tó ń kọ́ wa ní ìpolówó sọ pé ẹni tí ará ìlú bá fọkàn tán ni wọ́n ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí n máa sọ̀rọ̀ ara mi, kí wọ́n mọ ìwà mi, ilé mi àti ẹ̀sìn mi. Ó tún ní kí n máa kọ ọ́ pé "ó ku mẹ́ta péré" kí wọ́n lè tètè sanwó, kí àwọn ẹbí mi sì máa kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sábẹ́ àwòrán ọjà bí ẹni pé wọ́n ti rà á rí. Mo ṣe é, ọjà tà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí n fi ara mi polówó? Tí mo bá sì ń sọ àbùkù ọjà mi, Àáfà, ta ni yóò rà á?

Ìdáhùn: Wa alaykumus-salaam wa rahmatullah. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Arábìnrin wa, ọkàn tí kò balẹ̀ yẹn, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí olùkọ́ yín kọ́ yín, òdodo wà níbẹ̀, irọ́ sì wà níbẹ̀, wọ́n ti dì wọ́n pọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Pé kí ìwà èèyàn máa bá a tajà, òdodo ni, ó sì ti pẹ́ láyé. Kí Ànábì wa tó di Òjíṣẹ́ ni àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè é ní Al-Amin, ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Ìyá wa Khadijah, oníṣòwò pàtàkì ni, ó máa ń gbé ọjà fún àwọn ọkùnrin tó ń bá a tà á dé ilẹ̀ Ṣáàmù. Nígbà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin yìí ṣe jẹ́ òdodo, tó gbọ́ bó ṣe ń pa àmánà mọ́, ó ránṣẹ́ pè é, ó ní òun yóò san jù bí òun ṣe ń san fún àwọn yòókù lọ, ó sì ní kí Maysarah, ìránṣẹ́ òun, bá a rìn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ: Ànábì kò lọ bá a pé "olóòótọ́ ni mí". Àwọn tó ti bá a lò rí ni ìròyìn náà ti ẹnu wọn jáde.

Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé èèyàn kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀ ni? Rárá. Ànábì Yusuf sọ fún ọba pé: "Fi mí ṣe alábòójútó àwọn ilé ìṣúra ilẹ̀ yìí, dájúdájú olùṣọ́ ni mí, onímọ̀ sì ni mí" (Súrà Yusuf, 12:55). Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kan náà sọ nínú Súrà An-Najm, 53:32, pé kí a má ṣe máa ṣe àfọ̀mọ́ ara wa, nítorí Òun ló mọ ẹni tó bẹ̀rù Òun jùlọ. Lójú tèmi, ààlà tó wà láàárín méjèèjì kò ṣòro rí. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni Yusuf sọ. Bí ẹ bá sọ pé "ó ti pẹ́ tí mo ti ń rán aṣọ, mo mọ èyí tó máa ṣí àti èyí tí kò ní ṣí", ọ̀nà Yusuf lẹ wà. Bí ẹ bá sọ pé "ẹni tó ń kírun òru ni mí, ẹ wá rajà lọ́wọ́ mi", ẹ ti kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ó ń dùn mí gan-an. Mo ń rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń ya àwòrán lórí ẹní ìkírun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, tí iye owó ọjà sì wà nísàlẹ̀ àwòrán náà. Ìjọsìn tí Ọlọ́hun ní kí a ṣe fún Òun nìkan ti wá di pátákó ìpolówó. Ṣekárími ni, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì pe ṣekárími ní ẹbọ kékeré. Ẹ má ṣe é. Kí ìbòrí wà lórí yín nínú àwòrán, aṣọ yín ni, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kí ẹ sọ fún oníbàárà pé ẹ ò ní dáhùn ní àsìkò Jímọ̀, ìyẹn náà dára, kó mọ ìgbà tó máa gbọ́ èsì ni. Bí ẹ bá sì ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń ṣòwò, láìdẹ ohùn. Ìkìlọ̀ Súrà Al-Ahzab, 33:32, ṣì ń bá obìnrin wí lórí fóònù bó ṣe ń bá a wí lójúkojú.

Ní ti ilé àti ìgbé ayé tí olùkọ́ yín ní kí ẹ máa fi hàn, bí ó bá jẹ́ tiyín, tí kò sì tú àṣírí ilé, mi ò kọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí: wọ́n á yá mọ́tò ọlọ́mọ́tò, wọ́n á dúró nínú pálọ̀ onípálọ̀, kí ayé lè rò pé ọjà wọn ń mówó wọlé. Asmau, ọmọ Abu Bakr, gbà á wá pé obìnrin kan bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni tí òun bá ń ṣe níwájú orogún òun bí ẹni pé ọkọ fún òun ní ohun tí kò fún òun. Ó dáhùn pé ẹni tó ń fi ohun tí wọn kò fún un ṣe fọ́ńté dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù irọ́ méjì. Hádíìsì yìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì tí wọ́n gbà wá, wà nínú ìwé Ìmáàmù Bukhari àti ti Ìmáàmù Muslim. Orogún kan péré ni obìnrin yẹn fẹ́ fi hàn o. Ti àwa tí à ń fi han ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ńkọ́?

Ó wá ku ìbéèrè tó wúwo jù, ti àbùkù ọjà. Ìmáàmù Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ó ní: "Kí lèyí, ìwọ olóúnjẹ?" Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ó ní: "Kí ló dé tí o ò fi í sókè, kí àwọn èèyàn lè rí i? Ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ, kì í ṣe ara mi."

Arábìnrin wa, ẹ wò ó dáadáa. Ọkùnrin yẹn kò purọ́ fún ẹnì kankan. Kì í ṣe òun ló rọ òjò. Bó ṣe to ọjà ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: gbígbẹ lókè, tútù nísàlẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò sì sọ pé kó má ta èyí tó tutù. Ó ní kó gbé e sókè ni. Bí a ṣe ń to àwòrán ọjà lórí fóònù lónìí náà nìyẹn: a tan iná sí i, a fi ẹ̀rọ fọ àwọ̀ rẹ̀, ibi tó dára là ń yà.

Nínú ọjà tiyín gan-an, ohun kan wà tó ju àwọ̀ lọ. Jàlàbíyà kan lè nípọn nínú àwòrán, kí obìnrin sì wọ̀ ọ́ sínú oòrùn kí ara rẹ̀ máa hàn. Ẹni tó rà á, kó lè fi bo ìhòòhò rẹ̀, kó lè fi kírun, ló ṣe rà á. Bí ẹ bá mọ̀ pé ó fẹ́lẹ́ tí ẹ ò sọ, ẹ̀sìn rẹ̀ lẹ fi ọwọ́ kàn. Ẹ ya á níta nínú oòrùn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èyí ń hàn díẹ̀, ẹ wọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀." Ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ kọ ọ́. Dúdú tó bá máa ṣí, ẹ sọ pé kí wọ́n dá a fọ̀.

Ẹ ní ta ni yóò rà á? Ẹni tó fẹ́ wọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀ ni yóò rà á, kò sì ní dá a padà. Àwọn mìíràn á lọ, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n Hakim ọmọ Hizam gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní bí olùtà àti olùrà bá sọ òdodo, tí wọ́n sì ṣe àlàyé, wọn yóò rí àlùbáríkà nínú òwò wọn. Bí wọ́n bá fi pa mọ́ tí wọ́n purọ́, àlùbáríkà òwò náà yóò pa rẹ́. Owó lè wọlé kí àlùbáríkà má wọlé. Ẹ̀yin náà ti rí i rí.

"Ó ku mẹ́ta péré", nígbà tí ogún wà nílé, irọ́ ni, kò ní orúkọ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ ní Gbági àti Dùgbẹ̀, "Wálláhì, iye tí mo rà á nìyẹn": Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní ìbúra a máa mú ọjà tà, a sì máa pa àlùbáríkà rẹ̀ rẹ́. Ti ẹbí tó ń yin ọjà tí kò rà, ẹ̀rí èké ni, ó sì bá najsh tan, ìyẹn kí ẹni tí kò fẹ́ rà máa fowó lé ọjà kí ẹlòmíì lè kó sí i. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ ọ́. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lónìí. Bí oníbàárà kan ṣoṣo bá kọ tirẹ̀ síbẹ̀ tọkàntọkàn, tó tiẹ̀ ráhùn díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò bi mí ní ti ọjà tó ti tà kọjá, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹni tí ẹ bá rántí pé ẹ fi àbùkù aṣọ pa mọ́ fún, nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín. Ẹ pè é, ẹ sọ fún un, kó yàn bóyá kó dá a padà, bóyá kó gba díẹ̀ nínú owó rẹ̀, bóyá kó forí jì yín. Bí ẹ ò bá rí ẹni náà mọ́, ẹ wo ohun tí Ìmáàmù Abu Hanifa, àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa, ṣe. Aláṣọ ni òun náà, ní ìlú Kufa ní ilẹ̀ Iraq. Ó kó aṣọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò, ó sì sọ fún un pé ọ̀kan lábùkù, kó fi han ẹni tó bá fẹ́ rà á. Ìyẹn gbàgbé, ó tà á láìsọ, kò sì mọ ẹni tó rà á. Nígbà tí Abu Hanifa gbọ́, ó kó owó ọjà náà, ó fi ṣe sàráà. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣírò èyí tó jẹ́ ti ẹni tí ẹ ò rí mọ́, kí ẹ fi tọrẹ fún aláìní ní orúkọ ẹni tó ni ín.

Ọlọ́hun ló ní ìmọ̀ jùlọ.