Oúnjẹ àti ibùsùn náà, owó iṣẹ́ ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Káfíńtà ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 27. Ẹnì kan ní abúlé kan ní Nagano, ní Jàpáànù, ń wá àwọn tó máa bá a tún ilé onígi àtijọ́ ṣe. Wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Á fún wa ní yàrá àti oúnjẹ, kò sí owó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ igi wọn, mo sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní kí n mú mílíọ̀nù 2.5 náírà wá. Ó ní físà àbẹ̀wò ti tó torí pé wọn ò ní sanwó fún mi, pé tí mo bá débẹ̀ tán, wọ́n á yí i padà sí físà iṣẹ́. Irinṣẹ́ wo ni kí n gbé dání?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ṣì jìnnà. Má tíì san kọ́bọ̀.

Ọ́fíìsì gyōseishoshi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Saitama, ìyẹn àwọn tí òfin Jàpáànù fún láṣẹ láti máa bá àlejò ṣe ìwé ìgbélùú. Irú lẹ́tà yìí mẹ́ta ló wọlé lóṣù tó kọjá nìkan, gbólóhùn kan náà ló sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "wọn ò ní sanwó, torí náà kì í ṣe iṣẹ́." Irọ́ ni. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń tà á, torí wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni.

Físà àbẹ̀wò, tí wọ́n ń pè ní tanki taizai, kò gbà kí o ṣe ohunkóhun tó ń mú owó tàbí hōshū wọlé. Hōshū yìí ni kí o gbọ́ dáadáa. Kì í ṣe owó nìkan. Ohun yòówù tí wọ́n bá fi san iṣẹ́ tí o ṣe lè wà nínú rẹ̀: yàrá tí ò bá san owó ilé lé lórí, ìrẹsì àárọ̀, ọbẹ̀ alẹ́. Òfin tí wọ́n fi ń darí àlejò láti 1951 ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Mo mọ ìdí tó fi ń ṣòro fún wa láti gbà. Lójú wa, ọ̀wẹ̀ ni. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń dáná, kò sì sẹ́ni tó máa pe àmàlà ọlọ́wẹ̀ ní owó iṣẹ́. Àwọn ará Jàpáànù náà ní tiwọn, yui ni wọ́n ń pè é. Ní Shirakawa, tí UNESCO kọ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1995, yui ni wọ́n fi ń pààrọ̀ koríko orí àwọn òrùlé gíga wọ̀nyẹn. Gbogbo abúlé á jáde, àwọn kan á gun orí òrùlé, àwọn kan á máa na koríko sí wọn láti ilẹ̀. Àmọ́ ọ̀wẹ̀ tàbí yui, lónìí tèmi ni, lọ́la tìrẹ. Ìwọ ò ní ilé ní abúlé yẹn tí wọ́n máa wá bá ọ tún ṣe lọ́la. Kí wá ni wọ́n fi san tìrẹ padà? Oúnjẹ àti ibùsùn yẹn ni.

Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn irú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, tèmi ni o, kò sí nínú ìwé òfin: tó o bá ní o ò lè ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé wàá ṣì máa jẹun níbẹ̀, ṣé wàá ṣì máa sùn síbẹ̀? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ni ọ́. Tó bá jẹ́ rárá, òṣìṣẹ́ ni ọ́. Ẹni tó bá ti ka wákàtí fún ọ, tó ní 5 lójúmọ́, ti dáhùn. Ọ̀ràn ò rí bákan náà ṣá, ẹni tó jókòó ní Ìmígíréṣọ̀n ló ń pinnu. Má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìdájọ́, bi éńbásì Jàpáànù ní Àbújá kí o tó gbé ẹsẹ̀.

Tí wọ́n bá mú ọ, ìjìyà iṣẹ́ láìgbàṣẹ lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí ìtanràn mílíọ̀nù 3 yen. Wọ́n á dá ọ padà sílé, o ò sì ní lè wọ Jàpáànù fún ọdún 5 ó kéré tán. Òfin lè mú onílé náà.

Onílé yẹn lè má níkà nínú o. Ìṣirò tí ìjọba wọn ṣe ní 2023 fi hàn pé ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ tó mílíọ̀nù 9, ó lé ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilé. Akiya ni wọ́n ń pè é. Àwọn òbí àgbà kú, àwọn ọmọ wà ní Tokyo, ikán ń jẹ òpó. Ẹni tó bá jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ á wá ọwọ́ káàkiri, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ òfin yìí rárá. Ìwà rere rẹ̀ kì í ṣe físà.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n á yí físà padà tó o bá débẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ yí tanki taizai padà àfi tí ìdí pàtàkì tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà. Ilé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ físà iṣẹ́: ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ ní Jàpáànù á kọ́kọ́ gba ìwé zairyū shikaku nintei shōmeisho fún ọ, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé o yẹ fún irú ìgbélùú tí o fẹ́, òun lo máa mú lọ sí éńbásì. Ẹ́jẹ́ǹtì tí kò bá dárúkọ ìwé yẹn kò mọ iṣẹ́. Ẹ sì rántí August 2025, nígbà tí JICA, àjọ ìjọba Jàpáànù tó ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, pe ìlú Kisarazu níbẹ̀ ní "ìlú ìbílẹ̀" fún Nàìjíríà. Ìjọba wa kéde pé físà pàtàkì ń bọ̀, Jàpáànù ní kò sóhun tó jọ ọ́, nígbà tó di September wọ́n fagi lé gbogbo ètò náà. Ẹni tó bá ṣì ń gbowó lórí ẹ̀, ẹ sá fún un.

Ọ̀nà tó wà? Físà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbádùn ìsinmi tí wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ wà, àmọ́ Nàìjíríà ò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ní in. Ọmọ wa tó bá ní páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, tó wà láàárín ọdún 18 sí 30, lè bèèrè fún un. Tìrẹ, káfíńtà tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, wo tokutei ginō, físà àwọn tó mọ iṣẹ́ kan pàtó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní April 2019. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ wà lára rẹ̀, owó gidi ni wọ́n ń san, àmọ́ ìdánwò iṣẹ́ wà, ìdánwò èdè wà. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan lo ń wá lọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ igi, físà bunka katsudō wà fún ẹni tó ń kọ́ àṣà wọn láìgba owó, ìwọ lo máa bọ́ ara rẹ.

Mi ò fẹ́ kí o pa ìfẹ́ yẹn o. Mo ti wà níbi irú iṣẹ́ yìí ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ọparun tí wọ́n là, tí wọ́n fi okùn dì bí àwọ̀n, ló wà nínú ògiri wọn, amọ̀ ni wọ́n ń rẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n ti gé koríko ìrẹsì sínú amọ̀ náà, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó kan. Nígbà tí mo bọ́ bàtà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ sọ èyí: tí ilé náà bá ní asbestos, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, má fọwọ́ kàn án. Ọdún 2006 ni Jàpáànù tó fòfin de fífi í kọ́lé pátápátá, ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kó tó di ìgbà yẹn lè ní in lórí. Láti October 2023, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ló gbọ́dọ̀ yẹ ilé wò kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Bi onílé bóyá wọ́n ti ṣe é.

Irinṣẹ́ ńkọ́? Fi ayùn rẹ sílé. Tiwa ń gé igi nígbà tí a bá tì í, tiwọn ń gé nígbà tí a bá fà á sọ́dọ̀ ara wa, irin tí wọ́n fi ń fá pákó náà, fífà ni. Ọjọ́ tí ìwé rẹ bá pé, mú bàtà tó ṣeé bọ́ kíákíá àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, torí o máa bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà bí ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́, ilẹ̀ ilé àtijọ́ sì tutù.