Ẹ̀dọ̀ adìẹ tó pupa rúsúrúsú: ṣé ká dà á nù?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ra ẹ̀dọ̀ àti iwe adìẹ ní Sábó, tí ẹ̀dọ̀ náà wá pupa rúsúrúsú, ẹ má tíì dà á nù. Àwọ̀ yẹn nìkan ò tó dájọ́. Mo ń se oúnjẹ tà nílùú Ifẹ̀ níbí, ọ̀dọ̀ àwọn aládìẹ Odò-Ògbè ni mo ti ń ra tèmi, mo sì ti rí ẹ̀dọ̀ oríṣiríṣi.

Adìẹ ẹlẹ́yin tó ti gbó, tó ń jẹun nínú kéèjì tí kì í rìn, ọ̀rá máa ń kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Á pupa rúsúrúsú, á sì máa fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Àmọ́ tó bá jẹ́ bùrọ́ílà, ìyẹn adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran, ni wọ́n láwọn tà fún yín, ẹ padà lọ bi wọ́n léèrè, torí ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ máa ń pọ́n dúdú ni, ó sì máa ń dán.

Ẹ wo etí ẹ̀dọ̀ náà. Èyí tó dáa, etí rẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́. Tó bá wú, tí etí rẹ̀ nípọn, tó rí roboto, ara adìẹ yẹn ò yá kí wọ́n tó pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sójú oòrùn kẹ́ ẹ wò ó bóyá nǹkan funfun tóótòòtó wà lára rẹ̀, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Tó bá wà níbẹ̀, èmi ò ní rà á, kódà kí wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú.

Tó bá láwọ̀ ewé ńkọ́? Tó bá jẹ́ ojú kan péré, òróòro ló tú sí i nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́. Ẹ gé ibẹ̀ sọnù kí ọbẹ̀ má baà korò. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ̀dọ̀ bá wú, tó ń dán bí idẹ, tó tún fẹ́ láwọ̀ ewé, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Àrùn kan tó ń pa adìẹ lọ rẹrẹ máa ń sọ ẹ̀dọ̀ dà bẹ́ẹ̀.

Iwe ò ṣòroó yẹ̀ wò. Kó le gírígírí lọ́wọ́, kó má yọ̀, kó má rùn, kẹ́ ẹ sì bó awọ inú rẹ̀ kúrò. Tinú fìrísà ló ń kọ mí lóminú jù, torí iná wa. Ẹ wo ìsàlẹ̀ náílọ̀n. Tí omi ẹ̀jẹ̀ bá dì síbẹ̀ pelebe, ó ti yọ́ rí, wọ́n sì tún un dì. Aládìẹ á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ̀dọ̀ tí ò lábàwọ́n rárá náà lè ṣeni léṣe, torí àwọn kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella àti Campylobacter lè wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe lára nìkan. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n dín, tí inú rẹ̀ ṣì pupa, ni àbúrò mi jẹ níbi ìnáwó kan. Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà dá a dùbúlẹ̀, èmi ni mo jókòó tì í nílé ìwòsàn. Nínú ìkòkò tèmi, èyí tó tóbi jù ni mo máa ń là sí méjì wò. Tí inú rẹ̀ bá ṣì pupa, iná ò ní kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, kó rí i pé inú rẹ̀ dé 74°C.

Oògùn tí wọ́n fún adìẹ ni ojú ò lè rí, ó sì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Sísè ò ní kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rà lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀, tó máa ń dúró lẹ́yìn oògùn kí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kó tó pa adìẹ.

Ẹ gbé tiyín sójú oòrùn ná. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun yẹn, ẹ má sọ ọ́ sí ààtàn kí adìẹ ilé má baà ṣà á jẹ. Ẹ gbẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sin ín.