Èsì: Ohun tí ọpọlọ mọ̀ láìjẹ́ ká mọ̀

Ẹ bèèrè bóyá apá ọkàn tí kò hàn sí wa, èyí tó ń kọ́ nǹkan tó sì ń ṣe nǹkan láìjẹ́ ká mọ̀, kan iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń ṣe. Ó kàn án gan-an. Ẹ wo ìtọ́jú ẹni tí ìrántí rẹ̀ bàjẹ́.

Lọ́dún 1953, wọ́n gé lára ọpọlọ Henry Molaison ní Amẹ́ríkà nítorí wárápá, kò sì lè rántí ohun tuntun mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ní kó máa tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀ tó ń wò nínú dígí, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò rántí pé òun ṣe é rí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní nǹkan, ẹ má ní kó máa méfò ìdáhùn. Àṣìṣe rẹ̀ yóò wọ̀ ọ́ lára, kò sì ní rántí pé ẹ tún un ṣe. Ẹ sọ ìdáhùn fún un, kó tún un sọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi í lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́rin. Bó bá ṣì í, ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ padà sí iye ìṣẹ́jú tó ti dáhùn dáadáa kẹ́yìn.

Ó kan iṣẹ́ ọlọ́pàá náà: ẹni tó ń fi fọ́tò han ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ mọ ẹni tí wọ́n fura sí, torí ojú àti ohùn rẹ̀ lè júwe onítọ̀hún láìmọ̀.